Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó sórí bẹ́ǹṣì: bẹ́ ẹ ṣe lè ti iṣẹ́ ìhìnrere lẹ́yìn, kẹ́ ẹ sì ran aláìní lọ́wọ́ n'Íbàdàn

Lọ́pọ̀ ìjọ n'Íbàdàn, oṣù Kejìlá la máa ń rántí aláìní. A ó tẹ bánà, a ó rán aṣọ ẹgbẹ́, a ó gbé ìrẹsì àti Indomie lọ sí ilé àwọn ọmọ aláìlóbìí, a ó ya fọ́tò, a ó sì padà sílé. Míṣọ́nárì ní tirẹ̀, ọjọ́ tó bá wá jẹ́rìí la máa ń rí i. A ó dá owó fún un, a ó gbàdúrà fún un. Kó tó di ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e, ọ̀pọ̀ wa ò ní rántí orúkọ ìlú tó ní òun ń gbé mọ́. Mi ò bú ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó jẹ ìrẹsì lóṣù Kejìlá, ebi á tún pa á lóṣù Kẹta, onílé míṣọ́nárì náà ò sì ní gba ẹ̀rí tó jẹ́ nínú ìjọ yín gẹ́gẹ́ bí owó ilé.

Àwọn tí mò ń bá sọ̀rọ̀ níbí kì í ṣe pásítọ̀, wọn kì í sì í ṣe olówó. Ẹni tó ń ta aṣọ ní Gbági ni, tíṣà ni, télọ̀ Mọ́kọ́lá ni, nọ́ọ̀sì ni, ẹni tó ti fẹ̀yìn tì tó ń retí owó ìfẹ̀yìntì ni, ọmọ Poly tó ń gbé ní Sángo ni. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ ò ju èyí lọ: ẹ mú ìwọ̀nba, kẹ́ ẹ sì dúró tì í. Míṣọ́nárì kan, ìdílé aláìní kan, odidi ọdún kan. Bí a ṣe ń ṣe é ló kù tí mo fẹ́ ṣàlàyé.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ ka ohun tó wà lọ́wọ́ yín

Kẹ́ ẹ tó ṣèlérí fún ẹnikẹ́ni, ẹ mú bírò àti ìwé. Ẹ kọ iye tó máa ń ṣẹ́ kù lọ́wọ́ yín lóṣù tí ọjà ò tà, kì í ṣe lóṣù tí ọwọ́ dẹ̀. Ìyẹn ni òṣùwọ̀n yín. Ẹni tó bá fi oṣù tó dáa ṣèlérí, kò ní pẹ́ tó fi máa bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún ìpè. Lẹ́yìn owó, ẹ kọ àwọn nǹkan mìíràn: wákàtí mélòó lẹ lè yọ̀ǹda lọ́sẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ wo lẹ mọ̀, ṣé ẹ ní yàrá tí kò sẹ́ni nínú rẹ̀, ṣé ẹ ní mọ́tò, èdè wo lẹ gbọ́ yàtọ̀ sí Yorùbá. Yàrá òfìfo àti èdè làwọn èèyàn máa ń fojú kéré jù nínú wọn, bẹ́ẹ̀ àwọn méjèèjì yìí ni owó kì í tètè rí rà.

Pọ́ọ̀lù sọ fún àwọn ará Kọ́ríńtì pé kí kálukú máa fi nǹkan sọ́tọ̀ lọ́jọ́ kìíní ọ̀sẹ̀, bí Ọlọ́run bá ṣe bùkún un tó (1 Kọ́ríńtì 16:2). Kò yẹ kí èyí ṣòro fún àwa tí a dàgbà láàárín alájọ. Ẹ ní kí alájọ yín ya káàdì kejì fún yín, kẹ́ ẹ kọ “Ìhìnrere” sí i lórí, kí ọwọ́ yín má baà máa lọ síbẹ̀ nígbà tí gáàsì bá tán. Bẹ́ ẹ bá ń dá ₦200 lójúmọ́, ọgbọ̀n ọjọ́ jẹ́ ₦6,000. Alájọ á mú owó ọjọ́ kan, á ku ₦5,800. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń gba owó oṣù lè sọ fún báńkì kó máa yọ ọ́ fúnra rẹ̀ lọ́jọ́ tí owó bá ti wọlé, kẹ́ ẹ tó rí i, kó tó máa wù yín.

Ẹnì kan ò lè dá gbé míṣọ́nárì, ṣùgbọ́n èèyàn mẹ́wàá tó ń dá ₦5,000 lóṣù ti ní ₦50,000 lọ́wọ́. Ẹ kó ara yín jọ: kíláàsì Ilé-ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi yín, àwọn tẹ́ ẹ jọ ń kọrin, àwọn tí ìsọ̀ yín jọ wà ní ìlà kan náà. Kó má ju èèyàn méjìlá lọ. Bó bá ti pọ̀ jù, kálukú á máa rò pé ẹlòmíràn ti san. Ẹ yan èèyàn méjì tí yóò máa mójú tó owó náà, kí àkáǹtì rẹ̀ sì jẹ́ èyí tí ẹnì kan ṣoṣo ò lè dá gbowó níbẹ̀. Pọ́ọ̀lù náà ò dá gbé owó tí wọ́n kó jọ fún àwọn aláìní Jerúsálẹ́mù. Ó jẹ́ kí àwọn ará mìíràn wà níbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà rí ẹ̀sùn kà sí i lẹ́sẹ̀ (2 Kọ́ríńtì 8:18-21). Bí àpọ́sítélì bá lè fara mọ́ ìyẹn, akápò yín ò gbọdọ̀ bínú pé ẹ ní kó wá ka owó síta.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ yan míṣọ́nárì kan, kẹ́ ẹ sì wádìí rẹ̀

Inú ìjọ yín ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn Onítẹ̀bọmi ní olú ilé iṣẹ́ wọn ní Orítamẹ́fà níbí, ẹ lè fẹsẹ̀ ara yín rìn wọbẹ̀ kẹ́ ẹ béèrè. Ìjọ ECWA ní EMS, ẹ̀ka tó ti ń rán míṣọ́nárì jáde láti 1948. CAPRO, tó bẹ̀rẹ̀ ní Zaria ní 1975, kì í ṣe ti ìjọ kan ṣoṣo, inú oríṣiríṣi ìjọ làwọn òṣìṣẹ́ wọn ti wá. Ọ̀pọ̀ irú àwọn àjọ báyìí ló wà lábẹ́ NEMA (Nigeria Evangelical Missions Association, kì í ṣe àjọ ìjọba tó ń mójú tó àjálù), ẹgbẹ́ àwọn àjọ míṣọ́nárì tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1982. Bẹ́ ẹ bá gbọ́ orúkọ àjọ kan tẹ́ ẹ ò gbọ́ rí, ẹ béèrè bóyá ó wà lára wọn. Ẹ sì lè lọ sórí ìkànnì CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀ (kì í ṣe ìjọ CAC o), lórí fóònù yín, kẹ́ ẹ wò ó bóyá orúkọ àjọ náà wà nínú ìwé ìjọba.

Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè ọ̀rọ̀. Ta ló ń bójú tó míṣọ́nárì yìí? Àkáǹtì ta ni owó ń lọ, ti àjọ ni àbí ti ara rẹ̀? Ó ti pẹ́ tó níbi tó wà? Ṣé ó ti gbọ́ èdè àwọn tó ń gbé láàárín wọn? Ta ló lọ bẹ̀ ẹ́ wò kẹ́yìn, ìgbà wo sì ni? Míṣọ́nárì gidi kì í bínú sí irú ìbéèrè wọ̀nyí. Ara máa ń tù ú ni, pé ẹnì kan bìkítà débi tó fi béèrè. Èyí tó bá ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi ìgbàgbọ́ sanwó ná, pé àlàyé ń bọ̀ lẹ́yìn, ẹ jẹ́ kó máa lọ.

Ẹ má sì rò pé dandan ni kí pápá, ìyẹn ibi tí míṣọ́nárì ti ń ṣiṣẹ́, jìnnà. Èdè tí wọ́n ń sọ ní Nàìjíríà ju 500 lọ, púpọ̀ nínú àwọn tó ń sọ wọ́n sì ti wá bá wa nílé. Sábó ti wà láàárín Ìbàdàn láti 1916. Àwọn tó wá láti Benue, Ìgèdè àti Tiv, wà káàkiri oko tó yí wa ká, wọ́n ń kọ ebè, wọ́n ń ṣe gàárì. Àwọn Fúlàní darandaran wà ní apá Akínyẹlé. Bẹ́ ẹ bá kọjá Ṣakí sí apá Kwara, Bárùtẹ́n nìyẹn, níbi tí àwọn Ìbàrìbá ń gbé. Ẹni tó gbọ́ Hausa nínú ìjọ yín lè ṣe é débi tí bọ́ọ̀sì míṣọ̀n odidi ò lè ṣe é dé. Àmọ́ kì í ṣe kẹ́ ẹ gbé gbohùngbohùn lọ ká àwọn èèyàn mọ́lé o. Ọ̀rẹ́ ni kẹ́ ẹ bá wọn yàn.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ mọ ohun tí míṣọ́nárì ń ná owó lé lórí

Ní 1853, míṣọ́nárì kan, David Hinderer, àti Anna ìyàwó rẹ̀ wọ Ìbàdàn, wọ́n tẹ̀dó sí Kúdẹtì, níbi tí ìjọ St. David's wà títí dòní. Nígbà tí ogun Ìjàyè bẹ́ sílẹ̀ ní 1860, ọ̀nà dí. Ohun tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí wọn ò rí ọ̀nà wọlé mọ́. Ó di pé kí wọ́n máa ta ẹrù inú ilé gba owó ẹyọ, kí àwọn àti àwọn ọmọ tó wà lọ́dọ̀ wọn lè rí nǹkan jẹ. Àwọn tó rán wọn níṣẹ́ ò gbàgbé wọn, ọ̀nà ló dí. Lónìí fóònù ń gbé owó dé abúlé tó jìnnà jù kẹ́ ẹ tó ṣẹ́jú, síbẹ̀ míṣọ́nárì ṣì ń ta jẹnẹrétọ̀ san owó ilé ìwé ọmọ. Wọn ò lè dá ogun kankan lẹ́bi fún ìyẹn.

Owó ilé. Owó ilé ìwé. Epo ọ̀kadà. Táyà. Dátà. Oògùn ibà. Ibẹ̀ ni owó míṣọ́nárì ń lọ. Kò sẹ́ni tó máa ń fẹ́ dá owó táyà, gbogbo wa la fẹ́ kọ́ ilé ìjọsìn tí wọ́n máa gbẹ́ orúkọ wa sí lára. Ní tèmi, mo yan ẹni tó ń ra táyà. Ilé ìjọsìn ò lè gbé ìyá tó ń rọbí lọ sí ọsibítù lóru, ọ̀kadà ló ń gbé e. Torí náà, ẹ fi owó ránṣẹ́ lọ́jọ́ kan náà lóṣooṣù, ẹ má sì so okùn mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ìyàwó ilé náà pinnu bóyá ìrẹsì ló kàn tàbí bàtà ọmọ. Bẹ́ ẹ bá máa dáwọ́ dúró, ẹ sọ fún wọn ní oṣù mẹ́ta ṣáájú. Kí owó kàn dáwọ́ dúró láìsọ nǹkan kan, ìyẹn ló máa ń ba ilé jẹ́.

Èkejì ni àwọn ọmọ. Lọ́pọ̀ abúlé tí míṣọ́nárì ń gbé, ilé ìwé gírámà ò sí, ọmọ gbọ́dọ̀ kúrò nílé. Bó bá sì wọ UI tàbí Poly, owó ilé tí wọ́n ń gbà ní Agbowó tàbí Sángo lè ju gbogbo owó tó ń wọlé fún àwọn òbí rẹ̀ lọ. Ibí ni yàrá òfìfo yẹn ti wúlò. Ẹ gba ọmọ náà sílé, ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ bá àwọn òbí rẹ̀ jókòó ná, kẹ́ ẹ kọ ohun tẹ́ ẹ jọ fohùn ṣọ̀kan lé lórí sílẹ̀: ta ló máa bọ́ ọ, aago mélòó ló gbọ́dọ̀ wọlé, ta lẹ máa pè bí ara rẹ̀ ò bá yá. Iṣẹ́ ilé tí àwọn ọmọ yín ń ṣe ni kí òun náà máa ṣe, kó má pọ̀ jù bẹ́ẹ̀. Wọn ò fi ọmọ ọ̀dọ̀ ránṣẹ́ sí yín.

Bí wọ́n bá wá sí Ìbàdàn fún ìsinmi, ẹ jẹ́ kí wọ́n sinmi lóòótọ́. Ẹ má pín wọn fún ìjọ mẹ́rin lọ́sẹ̀ méjì. Ẹ fún wọn ní bẹ́ẹ̀dì tó dáa, ẹ mú wọn lọ rí dọ́kítà eyín, ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì inú ìjọ yín wo ọkọ̀ wọn, kí ẹnì kan san owó irun fún ìyàwó. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ lórí WhatsApp nígbà tí wọ́n wà ní pápá, ẹ má máa béèrè iye ọkàn tó yí padà lóṣù yìí. Ẹ bá wọn sọ̀rọ̀ bí ẹbí: “Ẹ kú iṣẹ́ o, Mummy Tọ́lá. Ṣé òjò ti dé lọ́dọ̀ yín? Ẹsẹ̀ Daddy ńkọ́, ṣé ó ti ń lọ sílẹ̀? Ẹ má wulẹ̀ dáhùn bí ọwọ́ bá dí, a kàn ní ká kí yín ni.”

Àdúrà náà nílò ètò. Ẹ fi ọjọ́ kan sí i nínú ọ̀sẹ̀, kẹ́ ẹ gbàdúrà lórí ohun tí wọ́n sọ gan-an: ìdánwò ọmọ, olórí abúlé tí kò tíì fún wọn nílẹ̀, èdè tí kò tíì yọ̀ mọ́ wọn lẹ́nu. Àwọn ará Áńtíókù gbààwẹ̀ kí wọ́n tó rán Bánábà àti Sọ́ọ̀lù jáde (Ìṣe 13:1-3). Nǹkan kan tún wà tẹ́ ò gbọdọ̀ gbàgbé: bí míṣọ́nárì bá ń gbé níbi tí nǹkan ti le, ẹ ò gbọdọ̀ gbé orúkọ rẹ̀, fọ́tò rẹ̀ tàbí orúkọ ìlú tó wà sórí Facebook. Ẹ̀mí èèyàn lè wà níbẹ̀. Ẹ bi í lọ́wọ́ ohun tẹ́ ẹ lè sọ àti ibi tẹ́ ẹ lè sọ ọ́ dé.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ wá ìdílé kan tó wà nítòsí yín

Àwọn tó máa ń tò síwájú ìjọ lọ́jọ́ Ìsinmi ti mọ ọ̀nà. Àwọn tí mò ń sọ, ojú ń tì wọ́n. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ̀ wọ́n, ẹ bi àwọn tó ń rí wọn lójoojúmọ́. Tíṣà ilé ìwé ìjọba tó wà ládùúgbò yín mọ ọmọ tí kì í jẹun wá. Ẹni tó ni kẹ́mísì mọ ẹni tó ń ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ní ẹyọ méjì méjì torí pé owó odidi páálí ò sí. Ẹ má ní kó dárúkọ ẹnikẹ́ni fún yín o. Ẹ kàn sọ fún un pé kó bi onítọ̀hún bóyá á fẹ́ kí àwọn kan bá òun dá sí i. Ní àwọn agboolé ńlá bíi ti Bẹẹrẹ, Ọjà'ba àti Òjé, ẹ kọ́kọ́ kí baálé ilé kẹ́ ẹ tó máa wọ yàrá kiri. Bẹ́ ẹ bá fò ó, wọ́n á máa bi opó yẹn ní ìbéèrè lẹ́yìn yín.

Kẹ́ ẹ jẹ́ méjì tẹ́ ẹ bá ń lọ, kí obìnrin sì wà níbẹ̀ bó bá jẹ́ opó lẹ fẹ́ kí. Ẹ jókòó. Ẹ gba omi tí wọ́n bá gbé wá. Ìgbà àkọ́kọ́ yìí, ẹ má gbé ju ohun tí èèyàn ń gbé lọ́wọ́ lọ kí aládùúgbò lọ. Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá ti wọ̀, ẹ béèrè: “Màmá, kí ló ń dà yín láàmú jù lóṣù yìí?” Kẹ́ ẹ wá dákẹ́. Ó ṣeé ṣe kó má jẹ́ oúnjẹ. Páànù méjì tó ń jò lé bẹ́ẹ̀dì lè ni, tàbí awò ojú, tàbí ọmọkùnrin kan tí kò sùn nílé mọ́. Jákọ́bù bu ẹnu àtẹ́ lu ẹni tó ní “ẹ máa lọ ní àlàáfíà, kí ara yín móoru, kẹ́ ẹ sì yó” láìfún wọn ní nǹkan kan (Jákọ́bù 2:15-16). Mo rò pé yóò bu ẹnu àtẹ́ lu ẹni tó gbé ìrẹsì lọ fún ẹni tó ń tọrọ páànù náà.

Bó bá jẹ́ oúnjẹ, ẹ ra ohun tí ẹni náà ń jẹ. Ẹ wo ìyá àgbà kan ní Bẹẹrẹ tí eyín ti ń tán lẹ́nu rẹ̀. Spaghetti tó wà nínú báàgì ìjọ, ọmọ ọmọ rẹ̀ ló máa jẹ ẹ́. Òun, ẹ̀lùbọ́ ló fẹ́. Kóńgò ẹ̀lùbọ́ méjì, ẹ̀wà tó máa fi se gbẹ̀gìrì, ìgò epo pupa kan, ata gbígbẹ, irú, iyọ̀, ẹja gbígbẹ díẹ̀, àti owó péréte tó máa fi ra ewédú fúnra rẹ̀, torí pé ó wu èèyàn kó ná ọjà. Ẹ kó o sínú báàgì ọjà lásán, kì í ṣe èyí tí wọ́n tẹ orúkọ ìjọ sí lára, kó lè gbé e kọjá lójú àwọn ará ilé bí ẹni tó ti ọjà dé. Oṣù tó ń bọ̀, ẹ tún padà lọ, kẹ́ ẹ sì wo èyí tó kù nílẹ̀. Ohun tó kù ló máa sọ fún yín èyí tẹ́ ò gbọdọ̀ rà mọ́.

Owó òwò ló le jù, níbẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ owó ìjọ ń ṣègbé sí. Ká ní opó kan fẹ́ máa dín àkàrà. Àwọn èèyàn á ra agbada, ẹ̀wà, òróró àti sítóòfù fún un, wọ́n á gbàdúrà lé e lórí, wọ́n á lọ. Kí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tó pé, ẹ̀wà ti di owó ilé. Kì í ṣe olè. Onílé ló wà lẹ́nu ọ̀nà. Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó ra agbada, ẹ bi í ní gbèsè tó wà nílẹ̀ àti ẹni tó ń yọ ọ́ lẹ́nu jù nínú àwọn tó jẹ ní gbèsè. Ẹ yanjú ìyẹn ná, tàbí kẹ́ ẹ bá a bẹ onílé kó fún un láyè. Lẹ́yìn náà, kó bẹ̀rẹ̀ láti kékeré, kóńgò ẹ̀wà kan láàárọ̀, fún ọ̀sẹ̀ méjì. Kó máa kọ iye tó ná àti iye tó pa sílẹ̀. Bí kò bá mọ̀wé, ọmọ rẹ̀ á bá a kọ ọ́. Kí òun náà ní káàdì lọ́dọ̀ alájọ, kí owó ọjà àti owó ọbẹ̀ má baà dàpọ̀. Bó bá wá rí i pé àdúgbò yẹn ń ra àkàrà, ẹ lè fi kún un. Kẹ́ ẹ sì sọ ọ́ kí owó tó jáde: ẹ̀bùn ni àbí ẹ yá a? Ẹ má fi sílẹ̀ láìsọ. Ẹ̀bùn tó wá di gbèsè lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ìjà ló ń dá sílẹ̀, ẹni náà ò sì ní wá sí ìjọ mọ́.

Fún ọmọ ilé ìwé, ilé ìwé gan-an ni kẹ́ ẹ san owó fún, kẹ́ ẹ gba rìsíìtì. Ní 2019 ni ìjọba Ọ̀yọ́ fagi lé ₦3,000 tí wọ́n ń gbà ní ilé ìwé ìjọba, ṣùgbọ́n yúnífọ́ọ̀mù, bàtà, ìwé àti owó ọkọ̀ ṣì wà nílẹ̀, àwọn nǹkan kéékèèké yìí sì ni wọ́n fi ń lé ọmọ padà sílé. Ní ti àìsàn, ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ní ètò ìlera kan, OYSHIA, tí èèyàn lè sanwó sí kó tó ṣàìsàn. Ẹ bá ìdílé tẹ́ ẹ mú náà lọ béèrè, kẹ́ ẹ sì san án fún wọn bí agbára yín bá ká a. Ó sàn ju kẹ́ ẹ máa sáré dá owó ọsibítù lóru lọ.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tẹ́ ẹ máa bá pàdé, Mùsùlùmí ni. Ìdílé mélòó n'Íbàdàn ni kò ní Mùsùlùmí nínú? Ẹ má fi ẹ̀lùbọ́ ṣe ìdẹ. Bí wọ́n bá bi yín léèrè ohun tó ń gbé yín wá, ẹ sọ ti Jésù fún wọn láìtijú. Bí wọn ò bá béèrè, ẹ máa lọ bẹ́ ẹ ṣe ń lọ. Ará Samáríà inú Lúùkù 10 ò bi ẹni tó ṣubú sọ́wọ́ àwọn ọlọ́ṣà ní ìsìn tó ń ṣe kó tó da òróró sójú ọgbẹ́ rẹ̀. Bó bá jẹ́ àsìkò ààwẹ̀ Ramadan, ẹ jẹ́ kí nǹkan yín dé kó tó di ìṣínu.

Ọsibítù àti Àgódi

UCH ti ń tọ́jú aláìsàn láti 1957, kò sì sí ọjọ́ tí ẹnì kan kì í wà níbẹ̀ tí owó ò jẹ́ kó lọ sílé. Ẹ má máa wọ wọ́ọ̀dù kiri kẹ́ ẹ máa béèrè ẹni tí kò lówó. Àwọn òṣìṣẹ́ afẹ́nifẹ́re wà ní ọsibítù náà tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti mọ irú aláìsàn bẹ́ẹ̀, àwọn ni kẹ́ ẹ lọ bá. Ibi tí ọsibítù ti ń gbowó ni kẹ́ ẹ san án sí. Ẹni tó bá pàdé yín lẹ́nu géètì pẹ̀lú ìwé oògùn lọ́wọ́, ẹ bá a dé ibi tí wọ́n ti ń ta oògùn náà kẹ́ ẹ tó yọ owó. Nígbà tẹ́ ẹ bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ẹ rẹ ohùn yín sílẹ̀, ẹ má gbé oúnjẹ fún aláìsàn láìbi nọ́ọ̀sì, ẹ má sì sọ fún ẹnikẹ́ni láé pé kó dá oògùn dúró torí pé ẹ ti gbàdúrà. Bẹ́ ẹ ò bá ní owó, ẹ ní ẹ̀jẹ̀. Wọ́n nílò rẹ̀ ju ìrẹsì lọ.

Ní ọgbà ẹ̀wọ̀n Àgódi, ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn aláṣẹ ọgbà, kẹ́ ẹ sì bá àlùfáà tó ń bójú tó wọn sọ̀rọ̀ ṣáájú. Ọṣẹ, búrọ́ọ̀ṣì, páàdì fún àwọn obìnrin, ẹ béèrè èyí tí wọ́n gbà láyè. Ọ̀pọ̀ àwọn tó wà lẹ́wọ̀n ní Nàìjíríà ni ilé ẹjọ́ ò tíì dá lẹ́jọ́. Lọ́yà tó bá wà nínú ìjọ yín, tó fi ọjọ́ kan lóṣù tẹ̀lé ẹjọ́ ẹnì kan ṣoṣo, ti ṣe ju ìwàásù mẹ́wàá lọ. Àwọn mìíràn wà tí ilé ẹjọ́ ti dá, tó ní kí wọ́n san owó ìtanràn díẹ̀ tàbí kí wọ́n ṣẹ̀wọ̀n, ẹ̀wọ̀n yẹn náà ni wọ́n ń ṣe torí pé kò sẹ́ni tó san owó náà. Ẹgbẹ́ yín lè san án, ṣùgbọ́n ẹ bá ìdílé rẹ̀ sọ̀rọ̀ ná nípa ibi tó máa sùn lọ́jọ́ tó bá jáde.

Àwọn nǹkan tó máa ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́

Fọ́tò ni àkọ́kọ́. Ọmọ tẹ́ ẹ gbé fọ́tò rẹ̀ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú àwo oúnjẹ lọ́wọ́ yóò dàgbà, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á sì rí i. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ jíyìn fún àwọn tó dáwó, ẹ fi rìsíìtì hàn wọ́n.

Àṣírí ni ìkejì. Ohun tí opó sọ fún yín nínú yàrá rẹ̀, kò gbọdọ̀ di ọ̀rọ̀ àdúrà ní ìpàdé aago márùn-ún. Níbi tí ọmọdé bá sì wà, kí àgbà kan ṣoṣo má dá wà pẹ̀lú ọmọ níbi tí ẹnikẹ́ni ò lè rí wọn, bó ti wù kí wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé e tó. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwà ẹnikẹ́ni, òfin ẹgbẹ́ ni, kí gbogbo yín sì mọ̀ ọ́n látìbẹ̀rẹ̀.

Ìkẹta, ẹ mọ ibi tí agbára yín mọ. Ẹni tó ní àrùn ọpọlọ, obìnrin tí ọkọ rẹ̀ ń lù, ẹni tí oògùn olóró ti di bárakú fún, wọ́n nílò ẹni tó kọ́ iṣẹ́ náà. Kẹ́ ẹ mú wọn dé ọ̀dọ̀ dọ́kítà tàbí lọ́yà, kẹ́ ẹ sì máa bá wọn lọ, ìyẹn ni iṣẹ́ tiyín.

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ lọ wo pápá

Lẹ́yìn bí ọdún kan tẹ́ ẹ ti ń fi owó ránṣẹ́, ẹ lè ní àwọn fẹ́ lọ fojú rí i. Ó dáa, ṣùgbọ́n míṣọ́nárì ni kó mú ọjọ́. Àsìkò òjò lè ba ọ̀nà jẹ́, àsìkò iṣẹ́ oko lè kó gbogbo abúlé lọ. Kẹ́ ẹ má ju mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ, torí pé ilé wọn ò tóbi. Owó oúnjẹ yín, ẹ fi ránṣẹ́ ṣáájú kí ìyàwó ilé má baà lọ yáwó nítorí yín. Ẹ gbé àwọ̀n ẹ̀fọn yín dání, ẹ gbé ohun tí wọn ò rí rà níbẹ̀: búrẹ́dì Ìbàdàn, ìwé fún àwọn ọmọ, oògùn tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ rà. Ẹ kí olórí abúlé bí àṣà ibẹ̀, ẹ má wọ aṣọ ẹgbẹ́, ẹ má sì gba máìkì lọ́wọ́ ẹni tó ti ń kọ́ èdè wọn láti ọjọ́ yìí.

Ó dájú pé wọ́n máa tọrọ nǹkan lọ́wọ́ yín: kànga, ilé ìwé, òrùlé ìjọ, iṣẹ́ fún ọmọ ẹnì kan. Ẹ má ṣèlérí kankan níbẹ̀, bó ti wù kí àánú ṣe yín tó. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ẹ bi míṣọ́nárì lálẹ́, nígbà tó bá ku ẹ̀yin nìkan, pé èwo ló máa ran iṣẹ́ náà lọ́wọ́, èwo ló sì máa dá ìjà sílẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ bá ti lọ. Bẹ́ ẹ bá dé Ìbàdàn, kí ẹgbẹ́ jókòó, kí akápò ka owó síta, kẹ́ ẹ tó dá wọn lóhùn.